Ẹ Fọ̀ Ọ́ fún Mi

Ká má parọ́ fúnra wa, mi ò ní sùúrù. Ìyàwó mi mọ̀, àwọn ìbejì mi mọ̀, àwọn oníbàárà mi náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Mọkáníìkì ni mí. Tí wọ́n bá wa mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mi, kí ẹni tó wà á tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa, mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohùn ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń mọ ohun tó ń ṣe é, mi kì í da ìbéèrè bo onímọ́tò. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ní etí.

Ọ̀rọ̀ màmá mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Agbẹ̀bí ni màmá mi, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan nípa ẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́ tó dé, aago tó dé, bó ṣe dé, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, a ra kọ̀ǹpútà kan sílé, wọ́n jókòó tì í, wọ́n fi ìka kan péré tẹ gbogbo ìwé náà sínú ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà wọ́n. Ọmọ ibẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún méjì dín díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n parí ẹ̀ ni òjò já wọ àjà, ó sì rin àwọn ìwé náà gbin. Nígbà tá a máa fi rí wọn, wọ́n ti jẹrà, a kó wọn dànù. A ní kò sí wàhálà, ṣebí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lórí màmá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ nǹkan ni: wọ́n á na ọwọ́ sí ṣíbí, wọn ò ní rántí ohun tí wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, ó kan ọjọ́, ó kan ilé. Dókítà ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń fi ayọ̀ ṣe lójoojúmọ́, ká má ṣe jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ohun tí wọ́n ń fi ayọ̀ ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Lárààárọ̀, tí wọ́n bá ti mu tíì tán, wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa ka àwọn ọmọ wọn sókè. “Ọmọkùnrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìdájí. Ẹsẹ̀ ló fi ṣíwájú. Ìyá ẹ̀ bú gbogbo wa pátá.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. “Ọmọbìnrin, ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán gangan. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí ṣáá.” Tí wọ́n bá ti ka ogún tàbí ọgbọ̀n báyìí, màmá mi nìyẹn, wọ́n pé pérépéré títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ ìyàwó mi, wọ́n mọ èyí tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ìbejì, èyí tí èmi gan-an máa ń ṣì mọ̀.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló wá ń darúgbó. Àpótí gbàgìdì kan ni, abẹ́ tábìlì ló ń gbé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá màmá. Ariwo tó ń pa dà bíi ti mọ́tò tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ já. Màmá á fi orókún gbá a, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àwọn ìbejì á tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà, kò tíì ṣí.

Èmi ní ká ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ní tèmi, ohun tó bá tóbi ló lágbára. Ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé, wò mí láti òkè délẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ ká máa gba ojú fèrèsé wọ yàrá màmá ni?” Ó ní obìnrin kan wà tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé ṣe, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti ta mí lólobó.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, lókè ẹni tó ń rán bàtà. Yàrá kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, àwọn síkúrúù tò sínú ìdérí ìgò lóríṣiríṣi, kò sí èyí tó dàpọ̀ mọ́ ìkejì. Obìnrin náà á tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gbé awò sí imú, ó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ń sùn tí kò fẹ́ jí i. Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà la fẹ́ rà. Ló bá mú ìwé, ló bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn mélòó ló máa lò ó? Ojú màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń rí lẹ́tà kékeré? Fèrèsé wà ní apá ibo? Ṣé ariwo máa ń dí wọn lọ́wọ́? Ṣé ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá di nǹkan mú?

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, “Àǹtí, ṣé kọ̀ǹpútà la fẹ́ rà ni, àbí a fẹ́ fọmọ fọ́kọ?”

Ìyàwó mi fi ìgúnpá gbá mi. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kàn kọ ọ̀rọ̀ tó ń kọ parí ni. Ó dìde, ó lọ gbé àpótí kan wá, dúdú, pẹlẹbẹ, kò ju búrẹ́dì kan lọ. Ó ní ọ́fíìsì kan ló ti lò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì lòun máa dè é mọ́, nǹkan kan ò ní sí lábẹ́ tábìlì mọ́, màmá á lè na ẹsẹ̀ wọn.

“Eléyìí?” Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. “Eléyìí ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ àpótí ńlá yẹn?”

“Á ṣe é, á sì ṣẹ́kù,” ló wí. Ó yọ síkúrúù kan ṣoṣo, ó ṣí ìdérí ẹ̀ hàn mí. Kí n sọ òótọ́, bí mo ṣe rí inú ẹ̀, ó wù mí. Gbogbo nǹkan wà ní àyè ẹ̀, kò sí wáyà tó ń fì dirodiro. Ẹni tó to inú ẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹ̀ dọ́ba.

Ó ṣàlàyé fún wa pé dísíkì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí, mẹ́mọ́rì sì ni tábìlì tó ń ṣiṣẹ́ lé. Tí tábìlì bá kéré, gbogbo ìgbà ni á máa dìde lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ìyẹn ló ń fà á tó fi ń lọ́ra. Mẹ́mọ́rì kan ló wà níbẹ̀, àyè ìkejì ṣófo. Ó ní òun máa fi òmíràn kún un, òun á sì yọ dísíkì ẹ̀, òun á fi irú tuntun sí i, èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú ẹ̀, tí kì í pariwo, tí kì í tètè bàjẹ́ tí wọ́n bá fi orókún gbá a.

Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, mo ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, èmi fúnra mi á lọ ra mẹ́mọ́rì. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, mo ní ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni kí wọ́n fún mi, wọ́n fún mi. Mo fi ayọ̀ gbé e dé. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú àpótí náà. Tèmi gùn tó ìlọ́po méjì ẹ̀.

“Orí tábìlì ló ń gbé lóòótọ́,” ó rọra sọ ọ́, “ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń jẹ. Ẹ má dààmú, wọ́n á bá yín pààrọ̀ ẹ̀.”

Nígbà táwọn ìbejì gbọ́ nílé, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ tí mo lọ pààrọ̀ mẹ́mọ́rì yẹn ni mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ fún un, kó lè kó ohun inú ẹ̀ sínú tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkánjú ò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ, mọ́tò mẹ́ta ló sì ń dúró dè mí. Mo gbé e kalẹ̀ gbì, eruku sọ. Ojú tì mí. Èmi tí mo máa ń fọ kábúrétọ̀ oníkábúrétọ̀ títí á fi máa dán, kí n wá gbé irú nǹkan báyìí wọ ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ tó báyìí.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ fọ inú ẹ̀ dáadáa, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù níbẹ̀.”

Ó gbójú sókè. “Nǹkan kan?”

“Ẹyọ kan báyìí!” Mo ti dé orí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tí gègé ẹ̀ ń họ lórí ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ mọ́tò ni mo wà, jíá bọ́ọ̀sì wà lórí àyà mi, nígbà tí fóònù dún. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá jókòó ti òun. Mo ní kí ni mo fẹ́ wá jókòó ṣe, ṣé èmi ni mo fẹ́ bá a fọ̀ ọ́ ni? Ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Ara mi gbóná. Mo fi òróró tó wà lọ́wọ́ mi lọ bẹ́ẹ̀.

Ó fi àpótí ìjókòó kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú. Nídìí iṣẹ́ tiwa, tí ẹnì kan bá ní ká fọ kọ̀ǹpútà òun, ohun tó ń sọ ni pé ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ lẹ́tà kan ò ní sí níbẹ̀ mọ́, a ò sì lè dá a padà. Mo gbọ́ pé ẹ ní kò gbọdọ̀ ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi kì í fọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni àfi tí olúwa ẹ̀ bá jókòó tì mí, tó fi ojú ara ẹ̀ rí ohun tó ń lọ.”

Ó tan kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi, ó ní ṣé kí òun fọ èyí? Ó ṣí iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ìbejì. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé gígùn kan. Mo rí i: “Ọmọkùnrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìdájí. Ẹsẹ̀ ló fi ṣíwájú.”

“Kí n fọ eléyìí náà?”

“Eruku!” Mo fò dìde, àpótí ìjókòó yí gbiri. “Eruku ni mo ní kẹ́ ẹ fọ̀, Àǹtí! Eruku! Bá a ṣe ń fọ ẹ́ńjìnnì!”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín ẹ̀. Ó rín in títí ó fi yọ awò ojú ẹ̀ nu. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé ká ní ẹlòmíràn ni mo gbé e fún, ẹni tó ń kánjú bíi tèmi, iṣẹ́ ti parí láti àná, á sì ti máa retí pé kí n dúpẹ́.

A ò tíì jókòó padà tí àpótí náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ká, ká, ká. Ìwé màmá dúró lójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ti yọ iná ẹ̀. Nígbà tó yíjú sí mi, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

Ó ní dísíkì náà ti fẹ́ kú. Gbogbo ìgbà tá a bá tàn án lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Òun máa yọ ọ́, òun á máa kó ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, òun á máa jẹ́ kó sinmi. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè má jáde tán.

“Ọ̀sẹ̀ kan? Èmi máa ń tú jíá bọ́ọ̀sì palẹ̀, mo sì máa ń dè é padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo!”

“Tẹ́ ẹ bá ba jíá jẹ́, wọ́n ń ta òmíràn,” ló wí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, màmá mu tíì wọn tán, wọ́n lọ jókòó síwájú ojú kọ̀ǹpútà tó ṣókùnkùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì. A sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Wọ́n ní ó dáa. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n gbé àpò wọn wá kíá, obìnrin kan ń rọbí. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ń pe ìyàwó mi ní nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń rán an níṣẹ́ omi gbígbóná. Ó ń gbé omi náà wá. Ọjọ́ keje ni wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n béèrè ẹni tí mo wá rí. Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún. Àgbàlagbà bíi tèmi. Mi ò mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí àìsí ìwé wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí pé tí ìwé náà bá lọ, wọn ò ní rí ọ̀nà padà mọ́.

Lójoojúmọ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ni mò ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, torí kí n lè máa yọ ọ́ lẹ́nu ni. Nígbà tó yá, torí kí n lè máa wò ó ni. Ó tẹ́ dísíkì náà sórí fóòmù, ó gbé fáànù kékeré kan síwájú ẹ̀. Á kà díẹ̀ nínú ẹ̀, á dá a dúró, á kọ nọ́ńbà ibi tó dé sínú ìwé. Tí ibì kan bá ṣe agídí, kò ní bá a jà. Á fò ó, á lọ kó ibi tó rọrùn, á tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Mi ò rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ báyẹn rí láyé mi. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ pàápàá, tí mò ń fi orúkọ ẹ̀ búra, kò ní irú ọwọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. “Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi gbọ́ ohùn yìí. Ṣé bó ṣe ń dún lánàá nìyí?”

Mo tẹ etí sí i. Ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ohùn, bíi ti táyà tí bíárìn ẹ̀ ń lọ. Mo ní, “Ó ti yí padà. Bíárìn ni. Ẹ pa á, ẹ pa á kíákíá.” Ó pa á lẹ́ẹ̀kan náà, kò béèrè ìdí. Odidi ọjọ́ kan la fi jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó tún tàn án, ó ní ká ní òun fi sílẹ̀ báyẹn lánàá ni, ibẹ̀ ni á parí sí. Orí mi wú. Mi ò tíì gbọ́ ìyìn tó dùn mọ́ mi tó yẹn, kódà lẹ́nu ẹni tí mo bá fi ẹ́ńjìnnì tuntun sínú mọ́tò ẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, dísíkì náà dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìwé màmá ti jáde. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọnù, àwọn tó wà níparí. Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn. Ẹ gbọ́ o, òun ló ń tọrọ àforíjì!

Àárọ̀ Sátidé ló wá bá wa tò ó. Ó ti fi mẹ́mọ́rì kúkúrú kún un, ó ti fi dísíkì tuntun sí i, ó de àpótí náà mọ́ ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó yí tábìlì díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé má bàa gún màmá lójú. Ó da ìwé màmá kọ sí ibi mẹ́ta, ọ̀kan ń lọ sí ilé-ìkàwé pẹ̀lú ìyàwó mi. Àwọn ìbejì tẹ bọ́tìnnì, wọ́n yíjú sí ilé ìwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kọ̀ǹpútà ti ṣí. Wọ́n hó yèè. Mo tẹ etí sí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mọkáníìkì tó bá tẹ etí sí ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù máa ń bà á ni. Mo tún tẹ etí sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

A mú màmá jókòó. Lẹ́tà ìwé náà tóbi, ó dúdú, ó hàn kedere. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ tábìlì, kò kan nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ohùn wọn kò gbọ̀n rárá. Ọmọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ṣíwájú. Ọmọbìnrin tó kàn ń wòran. Ìbejì tí èkejì ẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé tí bàbá wọn ti lọ sílé lọ ròyìn ọmọ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka ogún, wọ́n ka ọgbọ̀n, wọ́n tún ń kà sí i. Mo dúró sẹ́yìn wọn, mò ń retí kí wọ́n yíjú padà, kí wọ́n pè mí.

Wọ́n yíjú padà lóòótọ́. Ojú wọn ń dán.

“Ta ni agbẹ̀bí tó kọ èyí?” wọ́n béèrè.

Ìyàwó mi wò mí. Ọwọ́ Àǹtí Pẹ̀lẹ́ dúró lórí okùn tó ń ká.

“Ìyá mi ni, mà.”

“Ìyá ẹ?” Wọ́n mi orí, bí ẹni tó rí iṣẹ́ tó wú u lórí. “Wọ́n mọ iṣẹ́ o. Wọ́n mọ iṣẹ́ gan-an ni. Gbogbo ọmọ yìí, ẹ ò rí i pé wọn ò gbàgbé ẹnì kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọn ò gbàgbé ẹnì kan.”

“Tó o bá délé, bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé agbẹ̀bí bíi tiwọn ló ní kó o kí wọn.”

Mo ní mo ti gbọ́, màá jíṣẹ́ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n yí padà sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ka ọmọ tó kàn.